Géèmù £1.99: Nígbà Tí Ọwọ́ Ọmọdé Tó Pẹpẹ

Láti bí oṣù kan báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ tí kò ní ní kí n lọ wá iṣẹ́ ṣe. Báwo ni ilé-iṣẹ́ tó ń ta géèmù kọ̀ǹpútà ní £1.99, nínú kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì àti ìwé ìròyìn, ṣe di ilé tí Sega, ilé-iṣẹ́ géèmù ti Jàpáànù, kó sí nígbà tó fẹ́ fìdí òwò rẹ̀ múlẹ̀ ní Yúróòpù? Àwọn tó ń ta tiwọn ní ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po márùn-ún, tí wọ́n ń fojú ọjà gbàǹjo wo àwọn yìí, ibo ni ọ̀pọ̀ wọn wọlẹ̀ sí?

Mastertronic ni mò ń sọ. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìlú Ọba láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí kọ̀ǹpútà Spectrum tàbí Commodore 64 sì wà nílé wọn, kò nílò àlàyé mi. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Martin Alper, Frank Herman àti Alan Sharam wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọdún 1984 ni kásẹ́ẹ̀tì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń kọ géèmù. Inú òwò fídíò ni wọ́n ti mọ ọjà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

## Ohun tí ẹni tó ń ta fídíò mọ̀

Ẹni tó ti ta fídíò rí mọ̀ pé ohun tó wà nínú páálí ní ẹ̀yìn ilé kò tíì di ọjà. Ìgbà tó bá dé iwájú ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń di ọjà. Àwọn tó ń kọ géèmù nígbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ka èyí sí. Lójú tiwọn, tí géèmù bá ti dára, àwọn èèyàn á wá a wá.

Ọ̀nà tí géèmù sì ń gbà dé ilé kò pọ̀. O lè kọ ìwé sọ̀wédowó fún géèmù tí o rí nínú ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà, kí o fi ránṣẹ́, kí o wá máa ka ọjọ́ títí ẹni tó ń pín lẹ́tà á fi kanlẹ̀kùn. O sì lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kọ̀ǹpútà, tàbí ilé ìtajà ńlá bíi W H Smith àti Boots. Ẹni tó bá gba èyíkéyìí nínú ọ̀nà yìí ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé géèmù lòun ń lọ rà. Ẹni tí kò ní i lọ́kàn rárá ńkọ́? Òun ni Mastertronic lé bá.

Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì wọn lọ síbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń dé lójoojúmọ́ nítorí nǹkan mìíràn: ṣọ́ọ̀bù oníwèé ìròyìn, ilé epo, ibi tí wọ́n ti ń yá fídíò, ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìṣeré. Ọ̀gá ilé epo kò mọ géèmù tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa, kò sì sí ohun tó kàn án níbẹ̀. Bàbá ń sanwó epo, ọmọ ń yẹ pẹpẹ wò, kí bàbá tó gba ṣéńjì, ọmọ ti di kásẹ́ẹ̀tì kan mú. Òwò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé tó bá jẹ́ pé £7 ni wọ́n kọ sí ara kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

## Ọdún kan, ìṣòro kan, ìdáhùn mẹ́ta

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà lójú mi.

Ní 1984, ohun tí gbogbo ilé-iṣẹ́ géèmù ní Ìlú Ọba ń sunkún lé lórí ni àdàkọ. Kásẹ́ẹ̀tì ni géèmù wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ akásẹ́ẹ̀tì oníhò-méjì sì ti wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọmọ kan á rà á, kíláàsì kan á dà á kọ. Kí ni kí oníṣòwò ṣe?

Àwọn Ultimate, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Ashby-de-la-Zouch, tí iṣẹ́ wọn sì wà lára èyí tó gbayì jù lọ lórí Spectrum, gbówó lé e. Géèmù tí wọ́n ń tà ní £5.50 tẹ́lẹ̀ di £9.95 nígbà tí Sabre Wulf jáde, nínú páálí ńlá tó rẹwà. Èrò wọn ni pé ẹni tó bá fi owó gọbọi ra nǹkan kò ní fẹ́ yá ẹnikẹ́ni.

Àwọn Imagine ní Liverpool lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Géèmù kàǹkà-kàǹkà ni wọ́n ń múra rẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ Bandersnatch, èyí tí ẹ̀rọ kan máa bá wá tí wọ́n á kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kí àdàkọ má baà ṣeé ṣe. Iye tí wọ́n ń dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £40. Kò jáde. Ní oṣù Keje 1984, ilé-iṣẹ́ náà wó lulẹ̀ nígbà tí àwọn BBC tó wá ya fíìmù nípa àṣeyọrí wọn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Mo ti wo fíìmù náà. Ojú tì mí fún wọn.

Mastertronic ní tiwọn wò ó, wọ́n kọ £1.99.

Ẹ wo bí ìdáhùn yìí ṣe gún régé tó. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wákàtí téèyàn máa lò láti fi bẹ ọ̀rẹ́, gba kásẹ́ẹ̀tì, dà á kọ, kó wá rí i pé kò gbà dáadáa, kì í ṣe ọ̀fẹ́ náà. Tí ojúlówó bá ti jẹ́ £1.99, tí àwòrán aláràbarà wà lára rẹ̀, ta ló kù tó máa fi àdàkọ da ara rẹ̀ láàmú? Dípò kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, wọ́n sọ ohun tó fẹ́ jí di ohun tí apá rẹ̀ ká.

Mi ò sọ pé àwọn Ultimate kò gbọ́n o. Géèmù wọn tà wìtìwìtì ní £9.95, àwọn náà ló padà di Rare, ilé-iṣẹ́ géèmù tó gbajúmọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn ń fẹ́ kéèyàn jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́, ọ̀gá kì í sì í pọ̀.

## Ìṣirò £1.73

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó orí ọjà ní Ìlú Ọba nígbà yẹn jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú £1.99, ìjọba ti mú pẹ́nsì 26 lọ. Ó ku £1.73. Nínú rẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù ti máa jẹ, alágbàtà máa jẹ, ilé-iṣẹ́ tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ máa gba tirẹ̀, ẹni tó tẹ bébà aláwòrán náà máa gbowó, Mastertronic fúnra rẹ̀ á mú díẹ̀, ọmọ tó kọ géèmù ọ̀hún á wá gba èyí tó bá ṣẹ́ kù, tó jẹ́ pẹ́nsì mélòó kan.

Owó ìpolówó ọjà dà níbẹ̀? Kò sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwòrán iwájú kásẹ́ẹ̀tì ni ìpolówó. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni géèmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tà kó tó lérè. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ tó ń wọgbà pẹ́nsì gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Àwa tí a ti rí bí mílíìkì inú sáṣẹ́ẹ̀tì ṣe lé mílíìkì agolo kúrò lọ́wọ́ tálákà mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé ẹni tó ń ra sáṣẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn mílíìkì díẹ̀. Owó òní ló ń ná. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ní Birmingham ní 1984 kò lè dá £7 ná. Á bẹ ìyá, á dúró de Kérésìmesì tàbí ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n £1.99 ń bọ́ sínú owó tí wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, àwa la ni òwe yẹn. Ohun tí Mastertronic ṣe ni pé wọ́n sọ pẹpẹ kalẹ̀. Àgbàlagbà kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

Tí géèmù náà bá sì wá jẹ́ yẹ̀yẹ́? Ọmọ á bínú di ìrọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, á tún wà nídìí pẹpẹ.

## Lára Spectrum gidi

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní Spectrum tó ṣì ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ akásẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kásẹ́ẹ̀tì tó mú ni Finders Keepers, iṣẹ́ David Jones, tí Mastertronic gbé jáde ní 1985.

O máa tẹ bọ́tìnnì J, odindi ọ̀rọ̀ LOAD á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. O máa di Symbol Shift mú, o máa tẹ P lẹ́ẹ̀mejì, àmì méjì kékeré á yọ. Lẹ́yìn ìyẹn o máa tẹ Enter, o máa tẹ Play lára akásẹ́ẹ̀tì, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Ariwo náà ń han gooro, ó ń gún etí, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha irin. Ìlà pupa àti ìlà àwọ̀ ojú ọ̀run ń sáré yí etí tẹlifíṣọ̀n ká, kó tó di ìlà yẹ́lò àti búlúù. Àwòrán á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ìlà ìlà, láìtò bó ṣe yẹ, dúdú àti funfun lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọ̀ tó wá bò ó lẹ́yìn. O máa jókòó fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Tó bá ku díẹ̀ kó parí, tí téèpù wá gbọ̀n pẹ́, "R Tape loading error, 0:1" ni o máa rí. Dá a padà sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Tiwa wọlé. Akọni inú rẹ̀ ni Magic Knight, ọmọ ogun kúkúrú tí ọba rán pé kó lọ wá ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún Princess Germintrude nínú ààfin kan. Ó ń fò, ó ń bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣa nǹkan, ó sì lè bá àwọn oníṣòwò inú ààfin dúnàá-dúrà. Tó bá wù ọ́, o lè gbàgbé ọmọ ọba, kí o kó owó tí o pa jọ, kí o bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí ìyẹn. Géèmù olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ kí o yan bóyá ìfẹ́ tàbí owó ni o bá wá!

Ó dáa. Kì í ṣe pé ó dáa fún £1.99, ó dáa. Èyí tó tẹ̀ lé e, Spellbound, jáde lábẹ́ orúkọ M.A.D., tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọjà £2.99. Ó jọ pé àwọn fúnra wọn rí i pé àwọn ti ń ta nǹkan tó ju iye rẹ̀ lọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé panti pọ̀ nínú ọjà wọn. Àwọn alátakò wọn lè sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, wọn kò sì parọ́ tán. Géèmù kan tilẹ̀ wà, Action Biker, tí wọ́n so mọ́ ìpápánu KP Skips, tí ọkùnrin tó wà nínú ìpolówó ìpápánu náà, Clumsy Colin, ń gun alùpùpù kiri nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ orin rẹ̀ lórí Commodore 64. Rob Hubbard ló ṣe é, ọkùnrin tó fi ohùn mẹ́ta péré tí ẹ̀rọ yẹn ní ṣe orin tí àwọn èèyàn ṣì ń kóra jọ láti gbọ́ títí dòní. Ta ló ní kó dára tó bẹ́ẹ̀ nínú géèmù tí wọ́n fi ń polówó ìpápánu?

## Àwọn ọmọ Darling

£1.99 ṣe nǹkan mìíràn tí mi ò rò pé wọ́n pète rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tó ń kọ géèmù nínú yàrá wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta géèmù ní £10 kò ní fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Mastertronic ń fẹ́ ọjà tuntun lórí pẹpẹ nígbà gbogbo, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ ni kó ṣiṣẹ́, kó sì pójú owó.

Richard àti David Darling wà lára wọn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ọ̀dọ́langba ni wọ́n. Wọ́n kọ ọ̀pọ̀ géèmù fún Mastertronic, wọ́n sì rí bí ọjà náà ṣe ń rìn láti inú. Nígbà tó di 1986, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, Codemasters, pẹ̀lú bàbá wọn. £1.99 náà ni wọ́n kọ sí ara kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ́ wọn lówò ni wọ́n kọjú ìjà sí, ní ojú pẹpẹ kan náà.

Àwọn ńlá náà ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀. British Telecom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù odindi, ti ń ta géèmù ní £2.50 lábẹ́ orúkọ Firebird láti 1984. Ocean àti U.S. Gold, tí wọn kò jẹ́ gbà tẹ́lẹ̀, padà dá The Hit Squad àti Kixx sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ta géèmù wọn tó ti pẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Kò sí ẹni tó tún ń pè é ní ọjà gbàǹjo mọ́.

## Sega

Ọdún 1987 ni gbogbo nǹkan ṣẹlẹ̀ pọ̀. Mastertronic ra Melbourne House, ilé-iṣẹ́ tó gbé géèmù The Hobbit jáde, tó lórúkọ tó jù tiwọn lọ dáadáa. Virgin ti Richard Branson ra ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún nínú Mastertronic. Sega sì ń wá ẹni tó máa bá a ta Master System, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, ní Ìlú Ọba, Mastertronic ló gbà á.

Ó yẹ kí n sọ ti Arcadia náà, nítorí òun ló kọ́ mi pé wọn kì í ṣe aláìláṣìṣe. Wọ́n fẹ́ wọ òwò ẹ̀rọ géèmù ńlá tí wọ́n ń kì owó ẹyọ bọ̀, wọ́n kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà Amiga. Kò gbérí. Ẹni tó ń wá ìfà ń wá òfò, òfò náà sì wọ̀ wọ́n lára. Ní 1988, Virgin ra èyí tó kù, orúkọ wá di Virgin Mastertronic.

Ohun tó gbé wọn dìde ni Sega. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé kásẹ́ẹ̀tì dé gbogbo kọ̀rọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ Sega dé ibẹ̀. Master System tà ní Yúróòpù lọ́nà tí kò gbà tà ní Amẹ́ríkà, níbi tí Nintendo ti ń jọba. Mega Drive, ẹ̀rọ Sega tó tẹ̀ lé e, dé ní 1990. Ní 1991, Sega kúkú ra Virgin Mastertronic, ó di Sega Europe. Apá tó ń ṣe géèmù fúnra rẹ̀ kù sọ́wọ́ Virgin. Martin Alper ti kọjá sí Amẹ́ríkà, òun ló ń darí Virgin Games níbẹ̀, ní California.

Ẹ wá ronú sí i. Katíríìjì Sega kan, ike tí géèmù wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ, wọ́n ju £1.99 lọ fíìfíì, ti Mega Drive sì tún wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó sọ pẹpẹ kalẹ̀ fún ọmọdé ni wọ́n tún padà gbé e sókè. Mi ò fi bú wọn. Owó kì í wà níbi kan kí oníṣòwò lọ jókòó síbòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí katíríìjì dé, ọmọ Birmingham yẹn padà sídìí ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ka ọjọ́ Kérésìmesì.

## Lẹ́yìn wọn

Kásẹ́ẹ̀tì £1.99 kú láàárín ọdún mélòó kan sígbà náà. Katíríìjì wà lára ohun tó pa á. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà ń lẹ̀ mọ́ ara ìwé wọn wà níbẹ̀ náà. Báwo ni o ṣe máa ta géèmù kan ní £1.99 fún ẹni tó ti gba bíi mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ lára ìwé tó rà? Orúkọ Mastertronic padà wáyé lẹ́yìn ọdún 2000, tí wọ́n ń fi ta géèmù PC olówó pọ́ọ́kú. Ní 2015, ó tún dákẹ́.

Codemasters kò kú. Wọ́n kúrò ní kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n bọ́ sí géèmù ọkọ̀ eré ìje, Electronic Arts sì rà wọ́n ní 2021 ní bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn Darling ti jáde níbẹ̀ tipẹ́. David dá Kwalee sílẹ̀ ní Leamington Spa ní 2011, géèmù orí fóònù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Láti £1.99 dé òdo. Tó o bá wò ó báyìí, ìrìn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ní tirẹ̀ ń polówó ọjà fún ọ láàárín eré, ó ń ta owó wúrà inú géèmù fún ọ, ó sì ń fẹ́ kí o padà wá lọ́la. Kásẹ́ẹ̀tì £1.99 kò bi ọ́ ní ìbéèrè mìíràn lẹ́yìn tí o bá ti sanwó tán ní káńtà. Nínú méjèèjì, mo mọ èyí tí màá rà fún ọmọ mi, kò sì sí ẹni tó ń tà á mọ́.